Ẹni Tó Ya Àwọn Ènìyàn inú Géèmù Náà

Bàbá mi tí mo ṣì ń bínú sí,

Bọ̀dá Tádé wá sí ilé wa lánàá. Ẹ ó rántí rẹ̀, kọ́pà ọmọ Ìbàdàn tó kọ́ wa ní ìṣirò, tó máa ń wọ bàtà kánfáàsì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò gbọ́ pé ẹ ti kú. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun wá kí Bàbá Pẹ́ńtà. Ìyá mi ló sọ fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé orí lé ọwọ́, ó sì sunkún bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ bí i. Mo dúró tì í. Omi kò jáde lójú tèmi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí inú mi ò ti bí sí yín, kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ojú yín ń lọ. Pátákó tí ẹ kọ fún ilé ìwòsàn tó wà lọ́nà Ìjerò ló tú yín fó. Àwọn lẹ́tà "Ìpínlẹ̀ Oǹdó" tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gun ara wọn lórí bí ewúrẹ́ tó ń wọ́ wọ ọgbà. Ẹ délé, ẹ ní òjò ló bá yín lórí àkàbà. Òjò kankan ò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni ẹ ti ń fa ìlà ńláńlá, tí èmi ń kọ lẹ́tà kéékèèké sínú wọn bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí a ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì. Ẹ ń sọ fún àwọn ènìyàn pé mo ń bá yín gbálẹ̀ ni. Bí a bá ń lọ, ẹ máa ń gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Àwọn ìyá àdúgbò á ní ẹ ò rí bí Pẹ́ńtà ṣe fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ẹ ń fi mí mọ ọ̀nà ni. Bóyá ìfẹ́ náà wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀, ẹ ò sì sọ.

Èyí ò dùn mí. Bí àwọn ará Aràmọ̀kọ́ bá gbọ́ pé pẹ́ńtà wọn ò ríran mọ́, Ẹ̀fọ̀n ni wọn ó máa gbé iṣẹ́ lọ. Iṣẹ́ yẹn ni a fi ń jẹun. Mo gbé e mì, mo sì pa ẹnu mọ́.

Ti géèmù yẹn ni mi ò lè gbé mì.

Nígbà tí Bọ̀dá Tádé gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, èyí tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ rántí bí yàrá rẹ̀ ṣe máa ń kún nígbàkígbà tí iná bá wà. Géèmù kan wà lórí rẹ̀ tó ti òkè òkun wá. Ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa ló ń wá àbúrò rẹ̀ tó sọnù, ó ń gun òkè, ó ń la odò kọjá, ó ń bá àwọn tó bá pàdé lọ́nà sọ̀rọ̀. Gbogbo wa ló ya wèrè lé e lórí. Bọ̀dá Tádé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n pinnu láti fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìyókù ìtàn náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Wọ́n fẹ́ kí ọkùnrin náà rìn dé àárín àwọn òkè wa níbí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ bí a ṣe ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ àwòrán yà nínú wọn. Bọ̀dá Tádé ti rí ọdẹ tí ẹ yà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, ló bá wá bá yín.

Ó kó pépà gíráàfù lé yín lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé pé ihò kọ̀ọ̀kan tí àwọn ìlà tín-ín-rín pín sórí pépà náà yóò di ẹyọ àwọ̀ kan lójú tẹlifíṣọ̀n, pé àwòrán ènìyàn kan ò gbọdọ̀ ju ihò díẹ̀ lọ ní ìbú. Ẹ mi orí. Ẹ ní kó fi sílẹ̀, ẹ ti gbọ́. Bó ṣe lọ tán, ẹ gbé pépà náà sún mọ́ imú, ẹ yí i sí oòrùn, ẹ tún yí i padà. Ẹ ò rí ìlà kankan lórí rẹ̀. Ẹ tì í sí mi.

Bàbá, ẹ ò béèrè rí bí mo ṣe ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín báyìí. Ojú ènìyàn ò gba imú nínú ihò kéékèèké wọ̀nyẹn. Bí mo bá fi imú sí i, ó máa ń dà bí egbò. Ẹyinjú kan ṣoṣo, dúdú, ó ti tó. Gèlè ló ń sọ irú obìnrin tó jẹ́, kì í ṣe ojú rẹ̀. Kí ènìyàn tó lè rìn, mo ní láti yà á lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ níwájú, ẹsẹ̀ ní ìpàdé, ẹsẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ̀rọ lè máa fi wọ́n hàn tẹ̀ lé ara wọn kíákíá. Mo ń jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, mo ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ìyá àgbà kan máa ń ti Ìdó-Ilé wá, pẹ̀lú agbọ̀n iṣu lórí. Ọrùn rẹ̀ kì í mì rárá, ìbàdí nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo yà á, mo pa á rẹ́, mo tún un yà títí pépà fi lu. Ìyá mi á máa pè mí pé kí n wá dáná, mi ò ní gbọ́. Ọkùnrin onífìlà pupa náà, mo tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ bó bá ń gun òkè, kí ó lè hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti ilé wá.

Ọjọ́ tí Bọ̀dá Tádé tò wọ́n sínú kọ̀ǹpútà tán, ó ránṣẹ́ pè yín. Èmi ni mo mú yín lọ. Yàrá náà kún fọ́fọ́. Ìyá Ìdó-Ilé jáde láti apá òsì tẹlifíṣọ̀n, ó rìn kọjá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì dá a mọ̀. Wọ́n hó. Bọ̀dá Tádé dọ̀bálẹ̀ fún yín níbẹ̀.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọrùn rẹ̀ kì í mì?"

Mo wò yín. Mo rò pé ẹ ó sọ ọ́.

Ẹ ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo ènìyàn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fèrèsé lẹ kọjú sí, Bàbá. Ẹ ò tilẹ̀ mọ ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, mo ń dúró de ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu yín. Ẹ bi mí bóyá kẹrosíìnì ṣì wà nínú ilé. Kí ló fà á? Ṣé ìtìjú ni? Ṣé ìyìn yẹn ló dùn mọ́ yín lẹ́nu? Àbí ẹ rò pé kò lè ṣe nǹkan kan fún ọmọbìnrin? Ti pátákó, oúnjẹ wa ló wà nídìí rẹ̀. Èyí, kí ló wà nídìí rẹ̀?

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé agẹrun di ibi tí ẹ ti ń sọ ìtàn bí ẹ ṣe yà wọ́n, tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ kún un. Èmi ń ya dẹ́rẹ́bà, mo ń ya ẹ̀ṣọ́ orí afárá, mo ń ya ewúrẹ́, ẹ̀yin ń jẹ́ Bàbá Kọ̀ǹpútà. Kí Bọ̀dá Tádé tó parí ìsìn rẹ̀, ó fi ojú ewé àkọ́kọ́ géèmù náà hàn wá. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀, gàdàgbà, pé ẹ̀yin lẹ ya gbogbo àwòrán. Ẹ ní kí n kà á fún yín sókè. Mo kà á.

Nígbà ọyẹ́ tí ẹ kú, alàgbà kan dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ka iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ti géèmù ló fi parí rẹ̀. Àwọn ènìyàn yíjú sí mi, wọ́n ń mi orí sí mi pé kí n yangàn. Mo wo ilẹ̀.

Lánàá wàyí, nígbà tí Bọ̀dá Tádé nu ojú rẹ̀ tán, ó ní àwọn ènìyàn ń da géèmù náà kọ láti dísíkẹ́ẹ̀tì sí dísíkẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn, pé àwọn fẹ́ ṣe apá kejì, pé ọwọ́ yín ni òun tìtorí rẹ̀ wá. Ó ní níwọ̀n bí ẹ ti kú, ó ti parí nìyẹn. Pépà gíráàfù tó kó bọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá mi wò mí, ó mi orí fún mi pé rárá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí.

Mo mú pẹ́ńsù. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú Bọ̀dá Tádé, mo ya ìyá Ìdó-Ilé, lọ́tẹ̀ yìí ó ti sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ọrùn. Ó wo àwòrán náà pẹ́.

Ó ní, "Bàbá kọ́ ẹ dáadáa."

Mo ní, "Wọn ò kọ́ mi. Èmi ni mo ya gbogbo wọn. Bàbá ò ríran."

Ó yíjú sí ìyá mi. Ìyá mi dìde, ó wọlé lọ. Ìyẹn náà ti tó fún un.

Bọ̀dá Tádé ní òun ó fi orúkọ mi sábẹ́ tiyín. Mo ní rárá, kí ó yọ tiyín. Ó ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún òkú. Mo ní kí ó máa kó pépà rẹ̀ lọ nígbà náà. Ó bẹ̀ mí. Mi ò gbà. Nígbẹ̀yìn ó béèrè bí a ṣe ń kọ orúkọ mi, mo sì kọ ọ́ fún un pẹ̀lú àmì gbogbo. Ó kúrò láàárọ̀ yìí. Bó bá dé Ìbàdàn, orúkọ yín ò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Ìyá mi ò bá mi jẹun láti àná. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá mi sọ, nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ bá a.

"O ti sin ín lẹ́ẹ̀kejì."

Mo rò pé yóò dùn mọ́ mi nínú, Bàbá. Mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn agolo ọ̀dà yín, mo ń retí kí ó dùn. Kò dùn. Kì í ṣe ẹnu Bọ̀dá Tádé ni mo fẹ́ kí ó ti jáde. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà nínú yàrá yẹn, pé ọmọ mi ni, kí ẹ kàn sọ ìyẹn nìkan, ǹ bá fi orúkọ náà sílẹ̀ fún yín títí ayé.

Mo fẹ́ràn yín. Ìyẹn ni mi ò rí yọ.

Ọmọbìnrin yín.