Àwọ̀ Tí Àtàǹpàkò Mọ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ọkọ rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé ibi tí ò ń lọ, wàá bá ire níbẹ̀, ibi tí o ti ń bọ̀, wàá fi ire sílẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, oúnjẹ ò sì ní wọ́n ọ lẹ́nu. Àwa náà wà, a ò ṣàìsàn, àfi orúnkún mi tó ń pariwo bí ilẹ̀kùn tó ń wá epo. Ìyá rẹ kí ọ. Ó jókòó tì mí níbí, ó ń wo bírò ọwọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní kí n ṣáà máa kọ ọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Kékeré, ọmọ rẹ tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti dà mí lórí rú. O rántí pé o ní ilé ìwé tí ẹ fẹ́ mú un lọ yóò kọ́kọ́ dán an wò, pé ọmọ tí kò bá mọ àwọ̀, wọn ò ní gbà á, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á wọlé, òun á jókòó sílé. Ìwọ náà lo fi àpò ìdérí ìgò alárabarà ránṣẹ́ pẹ̀lú ife méjì, o ní kí n tẹ fóònù kí n gbọ́ ohùn tíṣà tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Mo gbọ́ ọ. Tíṣà ní kí a má fi ẹnu nìkan kọ́ ọmọ ní àwọ̀, ọwọ́ ni kí a fi kọ́ ọ, kí ó fọwọ́ kàn án, kí ó ṣà á, kí ó fi ṣeré. Inú mi dùn gan-an. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ilé ìwé ti gbọ́n wàyí, torí láti ọjọ́ tí mo ti ń gbin tòmátì, ọwọ́ náà lèmi fi ń mọ àwọ̀.

Ni mo bá mú Ọ̀gá Kékeré lọ sóko. Mo ní kí ó máa fi àtàǹpàkò tẹ tòmátì jẹ́jẹ́, èyí tó bá rọ̀ díẹ̀, tó ń ta sánsán, òun ni pupa, èyí tó bá le gbandi, òun ni àwọ̀ ewé. Kò pẹ́ rárá tó fi mọ̀ ọ́n. Apẹ̀rẹ̀ kún, obìnrin tó máa ń wá ra tòmátì lọ́wọ́ wa ní òun ò rí ọmọ tó mọ èyí tó pọ́n tó báyìí rí. Mo ń wú bí búrẹ́dì. Mo ní iṣẹ́ ti bùṣe.

Ìgbà tí a délé, ìyá rẹ da ìdérí ìgò sílẹ̀, ó ní kí ó ṣa pupa sínú ife kan, kí ó ṣa àwọ̀ ewé sínú èkejì. Ọmọ mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní àwọ̀ ewé ni. Ó mú òmíràn, ó tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ ewé náà ni. Gbogbo ìdérí pátá ló kó sínú ife kan ṣoṣo. Ìyá rẹ la ẹnu sílẹ̀. Èmi náà tẹ̀ wọ́n wò, mo rí i pé ọmọ ò jẹ̀bi, kò sí èyí tó rọ̀ nínú wọn. Mo ní bóyá àìpọ́n ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ ní kí n jọ̀ọ́, kí n má jẹ̀ẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ lójú ọmọ.

Ọjọ́ tí ojú rẹ yọ lórí fóònù, tí ò ń fi páálí aláwọ̀ han ọmọ, tí o rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń já, àwa ni o. Bí o bá ti gbé páálí sókè, àwa méjèèjì á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lójú fóònù ká lè mọ̀ bóyá ó rọ̀, ojú rẹ á sì lọ. Má ṣépè fún àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́.

Aránṣọ iwájú ilé wa ló ba nǹkan jẹ́. Ó wá wọn aṣọ ìyá rẹ, ó bá wa nídìí ìdérí ìgò, ó ní ọmọ yìí mà ya olódo o, pé ọmọ tòun ti mọ pupa kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Ó rò pé eré lòun ń ṣe. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Kékeré ò ti jẹun dáadáa mọ́. Ó wá bá mi lẹ́yìn ilé, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé olódo ni mí?" Omi lé ròrò sójú mi. Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n mo wo àwọn ìdérí náà títí, bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú mi.

Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ, ló bá kó wa lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ojú wò. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé kan, àmì róbótó róbótó ló kún inú rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀wà dà sílẹ̀. Ó ní nọ́ńbà wo la rí. Mo ní kò sí nọ́ńbà níbẹ̀, àwọn tó tẹ ìwé náà ò tíì parí iṣẹ́ ni. Ọ̀gá Kékeré ní òun náà ò rí nǹkan kan. Ìyá rẹ bọ́ síwájú, ó ń ka nọ́ńbà lọ geere, mo ń wò ó pé àbí òun àti nọ́ọ̀sì ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá ṣàlàyé pé ojú èmi àti ojú ọmọ kì í ya pupa sọ́tọ̀ lára àwọ̀ ewé, pé kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe àìlóye, bí wọ́n ṣe bí wa ni, àti pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá, ara rẹ ló gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ibi tó rú mi lójú jù nìyẹn. Ìwọ mọ àwọ̀ dáadáa. Báwo ni nǹkan mi ṣe máa gba ilé rẹ kọjá tí kò ní yà kí ọ?

Ó wá yé mi ìdí tí àwọn èèyàn fi ń wo sòkòtò mi lọ́jọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí. Mo rò pé ó wù wọ́n ni.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ọmọ fa ọwọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀yin náà ò rí i?" Mo ní èmi náà ò rí i. Ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà, kò fẹ́ fi mí sílẹ̀, àtìgbà náà ló sì ti ń jẹun.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún nìyí. Lọ bá tíṣà kí ọjọ́ àtidán an wò tó pé. Sọ fún un pé ọmọ yìí kì í ṣe olódo. Kí wọ́n bá a kọ orúkọ àwọ̀ sára ìdérí, ó ti ń dá lẹ́tà mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀.

Iná ojú títì yín náà ń bà mí lẹ́rù. Ìyá rẹ ní pupa ló ń dá mọ́tò dúró, àwọ̀ ewé ló ń ní kó máa lọ. Ta ló fẹ́ gun òkè lọ tẹ̀ ẹ́ wò? Mo bá kan ìdérí mẹ́ta mọ́ igi kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo ní bí tòkè bá tàn, dúró, bí tìsàlẹ̀ bá tàn, máa lọ. A ti ń fi ṣeré nínú àgbàlá. Èmi ni mọ́tò, òun ló ń darí mi. Bó bá fọwọ́ kan tòkè, màá dúró gbagidi, orúnkún mi á pariwo, á máa rẹ́rìn-ín. Kò tíì ṣì í rí.

Bí o bá rí owó díẹ̀ ká fi ra ajílẹ̀ sí tòmátì, jọ̀ọ́, awakọ̀ ni kí o fi rán, má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó níbẹ̀ ní kí n tẹ ibi aláwọ̀ ewé, mo tẹ ọ̀kan, ó gbé káàdì mi mì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò pọ̀ ọ́, ó kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni.

Ojú rẹ ò ní rí ibi. Ojú ọmọ rẹ yóò rí ire, bó ti wù kí àwọ̀ ire náà rí. Wàá jèrè rẹ̀.

Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín fún mi. Ó ní bírò pupa ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, irú èyí tí tíṣà fi ń máàkì ìwé. Má bínú, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òótọ́ ni, a jẹ́ pé mo ti bá wọn máàkì ọmọ wa nìyẹn. Ó yege.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.