Ohùn Rẹ Nínú Fóònù Bíríkìlà

Olóhùn-iyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí ibi iṣẹ́. Ṣé ò ń sùn dáadáa? Ṣé ò ń jẹun? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa ara wa. Iṣẹ́ tí ò ń ṣe kò ní pa ọ́ lára. Àmín. Mo ti ṣàdúrà tán, jẹ́ kí n wá bínú wàyí, torí inú ń bí mi, ọmọ yìí, ó ń bí mi débi pé mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Fóònù gan-an ni mo ń bá jà.

A wà nílé. Ìyá rẹ ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń bínú sí ọ. Atẹ́gùn ṣí páànù kan lórí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ti bá mi kàn án padà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà níbi tó wà, aṣọ ni mo dà bò ó, ìdí tí mo sì fi da aṣọ bò ó ni mo fẹ́ rò fún ọ. Jókòó kà á o, má kà á bí ẹni ń ka ìwé owó iná.

Nígbà tí dókítà ní mo ní ìtọ̀ ṣúgà, ìwọ náà lo ní kí n gbà kí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kọ mí mọ́ ìwádìí yín. O ní ẹ fẹ́ mọ bí ẹni tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀ nílé, pé wọ́n á máa pè mí láràárọ̀. Mo ní ó dáa. Fóònù dún ní kùtùkùtù, mo gbé e, ta ni mo gbọ́? Ìwọ! Ṣé mi ò mọ ohùn ọmọ mi ni? Ohùn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè ọ́ ní Olóhùn-iyọ̀ láti kékeré! Mo pariwo pé ọmọ mi, o jíire? O ò dá mi lóhùn. O ní ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ ti lo oògùn yín, bí mo bá ti lò ó kí n tẹ ení, bí mi ò bá tíì lò ó kí n tẹ èjì. Mo ní mo ti lò ó, ìyá rẹ nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kí ọ. Ò ń sọ̀rọ̀ lé mi lórí, ení, èjì, ení, èjì, bí ẹni ń ka aṣọ fún alágbàfọ̀. Mo tẹ ení. O ní ẹ ṣeun, o sì pa fóònù mọ́ mi létí.

Mo ní bóyá ọ̀gá rẹ ló dúró tì ọ́. Àmọ́ bó ṣe ń rí nìyẹn láràárọ̀. Mo kí ọ, o ò dáhùn. Mo ṣàdúrà fún ọ, o ò ṣe àmín. Ìyá rẹ wá ń fajú ro, ó ní ṣé bàbá nìkan ló bí ọ ni, tó fi jẹ́ pé èmi lò ń pè lójoojúmọ́ tí o kì í béèrè ìyá. Èmi ni mo ń gbèjà rẹ! Mo ní iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo tún ń yangàn kiri àdúgbò pé ọmọ tèmi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó pè mí.

Ọjọ́ kan ni ọwọ́ mi ṣèèṣì tẹ èjì. Háà! Ọjọ́ yẹn lo tó bá mi sọ̀rọ̀. O bẹ̀ mí. O ní kí n jọ̀wọ́ má fi oògùn mi ṣeré, pé ara mi ṣe pàtàkì sí àwọn tó fẹ́ràn mi, kí n jẹun lásìkò, kí n má rìn láìwọ bàtà, pé inú yín á dùn bí ara mi bá le. Lẹ́yìn náà lo wá ní ẹ ṣeun, a ti gbọ́ èsì yín. Mo jókòó sórí àpótí, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi, torí ó ti pẹ́ tí o ti bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n ó lo oògùn mi, n ó fi omi gbé e mì, n ó nu ẹnu, n ó wá tẹ èjì. Mi ò pa oògùn jẹ rí. Mo kàn fẹ́ kí o pẹ́ díẹ̀ lórí fóònù ni.

Wàyí o, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kan ṣẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó wọ̀ mí lábẹ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára rárá. Àìsàn yìí ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kú tipiri. Ìgbà tí mo rí i pé ibi tí mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lára ẹ̀rọ ń rin fún omi ni mo tó wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, egbò ti wà níbẹ̀. Mo sọ fún ọ! Láràárọ̀ ni mò ń sọ fún ọ! Mo ní Olóhùn-iyọ̀, egbò wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ti ń rùn, kí ni kí n fi sí i? O ní a ti gbọ́ èsì yín. Ìyá rẹ ní ká máa lọ ọsibítù, mo kọ̀, mo ní ká má yọ ọmọ wa lẹ́nu, nọ́ọ̀sì ni, ó lóun ti gbọ́, ó máa rán nǹkan wá. Ìyá rẹ já fóònù gbà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ké egbò náà sí ọ létí. O ní kóun náà tẹ ení tàbí èjì.

Bíríkìlà tó ń gbé nílé tó dojú kọ tiwa ló wá mú ṣòkòtò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Fóònù rẹ̀ dún níwájú mi, ó jẹ́ kó máa pariwo síta, ohùn ta ni mo gbọ́? Ohùn rẹ! Ò ń bẹ̀ ẹ́! O ní ara rẹ̀ ṣe pàtàkì sí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀! Bíríkìlà, tó níyàwó nílé, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kì í kúrò nínú sìmẹ́ńtì! Mo dì í lọ́rùn ẹ̀wù mú, mo ní kí ló pa òun àti ọmọ mi pọ̀ ní kùtùkùtù. Ó ń búra pé òun ò mọ̀ ọ́ rí, pé ẹ̀jẹ̀ ríru lòun ní, pé bí wọ́n ṣe ń pe òun náà nìyẹn. Mo ní irọ́ ló ń pa.

Ẹnu ìjà yẹn la wà tí nọ́ọ̀sì ìwádìí yín fi bọ́ọ́lẹ̀ lórí ọ̀kadà. Kò kí èèyàn dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fìbínú sọ̀rọ̀. Ó ní èmi ni mo lóríkunkun jù nínú gbogbo aláìsàn wọn, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé mi ò lo oògùn, àwọn ọ̀gá ní kóun wá fojú rí mi. Èmi! Mo da àwọn páálí oògùn tó ti ṣófo sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí mo wá ń tẹ èjì. Mo wo òkè. Ìyá rẹ ló dá a lóhùn, ó ní nítorí kó lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì kó àwọn páálí náà jọ. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kì í ṣe ìwọ lò ń pè mí, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì yín, torí pé ohùn rẹ dùn, ẹ̀rọ yẹn ló wá ń pe gbogbo wa, kò sì létí. Mo ní kò létí? Ta wá ni mo ti ń sọ ti egbò mi fún? Ó ní egbò wo?

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé mi dé ọsibítù. Wọ́n gé ọmọ-ìka náà. Dókítà ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹsẹ̀ ni ì bá lọ, ẹsẹ̀ tí mo fi tọ́ ọ, ẹsẹ̀ tó san owó ilé-ìwé nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì yín sì ní bí mo bá ti ń tẹ ení bó ṣe yẹ, kò sẹ́ni tí ì bá wá wò mí. Ṣé o gbọ́ ìyẹn? Ẹni tó bá sọ òótọ́, ẹ ò ní wá wò ó! Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ lẹ́ ẹ̀ ń wádìí ìtọ́jú aláìsàn, ẹ wá rán ohun tí kò létí sí aláìsàn! Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé mo ní kí wọ́n fi èèyàn tó ń gbọ́ràn síbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnu ṣáá ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n wá ẹnu ọmọ ẹlòmíì lò.

Ìyá rẹ tó ń bínú pé èmi nìkan lò ń pè ti wá rí i pé o ò pe ẹnì kankan nínú wa. Má tíì bẹ̀ ẹ́ o, ó ṣì gbóná.

Fi owó bàtà ránṣẹ́, èyí tó bo ọmọ-ìka tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, nọ́ọ̀sì ní dandan ni. Fi díẹ̀ lé e fún ọrùn ẹ̀wù bíríkìlà, torí ó ti ya, mi ò sì tíì lè jókòó ti ẹ̀rọ. Owó ọkọ̀ ìwọ fúnra rẹ, ìwọ ni kí o wá a, kí o wá fi ọwọ́ ara rẹ wẹ egbò yìí fún mi.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ, á ṣọ́ ohùn rẹ. Ọmọ tìrẹ náà á gbọ́ ọ bí o bá pè é. Mo ti ń tẹ ení báyìí kí ìwádìí yín má baà bàjẹ́, àmọ́ ó kúrú jù, mo tẹ èjì láàárọ̀ yìí. Mo ti lo oògùn o, má sọ fún wọn.

Pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní tẹ nǹkan kan. N ó kàn kí ọ. Bí o bá dá mi lóhùn, n ó mọ̀ pé ìwọ ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, aránṣọ