Afẹ́fẹ́ Tí Mo Ń Tọ́jú Sínú Mọ́tò

Àkọ́bí mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ibi iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń pariwo yẹn ti rọ̀ díẹ̀? Ẹ ò ní sunkún ara yín, ẹ ò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé. Àwa náà wà láàyè, ilé kò wó, kànga kò gbẹ, àgùntàn tó ń ṣàìsàn ti ń jẹun. Mo ti kí ọ tán. Ó wá kù kí n bá ọ jà.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò tí o fún mi ni. Mo dúpẹ́ nígbà náà, mi ò ní gba ọpẹ́ mi padà, ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Nígbà tí o gbé e wá, ìwọ fúnra rẹ lo fi hàn mí pé afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, tútù wà, gbígbóná wà. O ní tí òtútù bá mú, tí gíláàsì iwájú bá ṣú, kí n tan ti gbígbóná, yóò là. Láti ìgbà yẹn, mi ò fọwọ́ kàn án, torí èmi kì í ṣe onínàákúnàá. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n rọ sínú mọ́tò láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, ó ní ìwọ̀n, ó sì dájú pé ìwọ ti lò nínú rẹ̀ kí o tó gbé e fún mi. Mo bá ń tọ́jú ìyókù. Bí ooru bá mú, mo máa ń ṣí fèrèsé, ọ̀fẹ́ ni tìyẹn. Ìyá rẹ a máa làágùn, a máa fi etí gèlè nu ọrùn, èmi a sì ní kó fara dà á, afẹ́fẹ́ inú mọ́tò wà fún ọjọ́ pàtàkì.

Ọjọ́ pàtàkì náà sì dé. O mọ̀ pé ojú ìyá rẹ ti ń ṣú bọ̀, débi pé ó ń kí òpó ilé, ó ń bi í pé ìyàwó ńkọ́. Dókítà ojú ní kó wá kí àwọn ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì kìlọ̀ pé èrò pọ̀, ẹni tí kò bá dé láàárọ̀, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì, kó sì tó tún kàn án, ojú ọ̀hún lè ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀nà jìn, mọ́tò èrò kì í sì í tètè kún níbí. Mọ́tò wa nìkan la gbójú lé.

Nígbà tó ku ọ̀la ká lọ, mo ní kí n dán afẹ́fẹ́ náà wò. Mo yí bọ́tìnì sí ení, kẹ́kẹ́ pa. Mo yí i sí èjì, kẹ́kẹ́ pa. Mo yí i dé ẹ̀ta, kò tilẹ̀ húkọ́. Mo pa á kíá, kí n má baà fi ìwọ̀nba tó kù ṣòfò.

Mo pè ọ́ lórí fóònù, àbí mi ò pè ọ́? Mo gbé fóònù sẹ́nu ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kí o lè gbọ́ bó ṣe dákẹ́. O ní o ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn! O ní kí n yẹ fíúsì wò. Mo ṣí àpótí rẹ̀, mo bá àwọn nǹkan kéékèèké aláwọ̀ mèremère níbẹ̀ bíi súìtì ọmọdé. Mo yọ ọ̀kan, fèrè kú. Mo dá a padà, mo yọ òmíì, iná ẹ̀yìn kú. Èyí tí wọ́n ya fáànù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, wáyà inú rẹ̀ kò já, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. O wá bi mí pé, Bàbá, nọ́ńbà wo lẹ yí i sí? Ìbéèrè wo nìyẹn? Wọ́n ja èèyàn lólè, ò ń bi í ní nọ́ńbà! Ìdí tí mo fi pa fóònù mọ́ ọ lẹ́nu nìyẹn, kì í ṣe pé owó ìpè ló tán.

Mo bá kọjú sí rìwáyà, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe létí títì, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mọ́tò náà sùn nígbà tó tún fèrè rẹ̀ ṣe. Mo bi í níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ta ló tà á fún. Ó ní kí ni? Mo ní afẹ́fẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Ó ní, Bàbá, ta ló ń fa afẹ́fẹ́ bíi bẹntiróòlù? Ó ní fáànù ló wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta náà ló ń fẹ́ sí wa. Mo ní tó bá jẹ́ ti ìta ni, kí ló dé tí mọ́tò tó ní i fi wọ́n ju èyí tí kò ní i lọ? Ó wá nawọ́, ó ní kí òun yí i dé òpin kí òun gbọ́. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù! Ẹni tó ti jí ìlàjì, ó tún fẹ́ tú ìyókù dànù lójú mi. Bí mo ṣe ń wa mọ́tò lọ, ó ń pariwo lẹ́yìn mi pé, Bàbá, òpin ni kẹ́ ẹ yí i sí o! Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Wọ́n fi bàbá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, òjò ń rọ̀, òtútù ń wọ egungun. A wọnú mọ́tò, a ti ilẹ̀kùn, gíláàsì iwájú sì funfun báláú. Mo fi akísà nù ún, ó tún ṣú. Mo ní kí ìyá rẹ má mí tó bẹ́ẹ̀. Háà, mo rí i! Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbọ́ ìhanrun mi, ṣé òun sọ fún mi rí pé kí n má mí? Ó ní, Èmi tí ojú mi ṣú, ìwọ tí gíláàsì rẹ ṣú, ta nínú wa ló máa rí ọ̀nà? Ó di ilẹ̀kùn mú, ó ní òun ń bọ́ sílẹ̀, kí ojú ọ̀hún kúkú fọ́. Ó fi etí gèlè nu ojú. Ìyá rẹ kì í sunkún, o mọ̀ ọ́n. Mo ní kó jọ̀ọ́, mo yí bọ́tìnì sí ení, èjì, ẹ̀ta. Ó ní ṣé ibẹ̀ ló parí sí? Mo ní rárá, ṣùgbọ́n ká má ṣe ná an tán. Ó ní kí la ò ní ná tán? Kí n tó ṣàlàyé, ó ti táràrà wá bọ́tìnì náà kàn, ó yí i títí tí kò fi lè yí mọ́.

Fáànù bú! Ariwo rẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ewé gbígbẹ, eruku, ìyẹ́ adìyẹ, gbogbo rẹ̀ tú sí mi lójú. Gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í là láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo rí géètì, mo rí títì. Inú sì ń bí mi! Ohun tí mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí, ó ná gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan! Mo sáré wa mọ́tò ká lè débẹ̀ kó tó tán. Kò tán. A dé ilé ìwòsàn, ó ṣì ń bú. Wọ́n pe orúkọ ìyá rẹ, ó dáhùn. Wọ́n ti ṣe ojú náà, wọ́n ti tú báńdéèjì. Ó ríran, ọmọ mi, ó ríran!

Rìwáyà wá kí wa. Mo ti bẹ̀ ẹ́, má bi mí bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́. Ó tú ìsàlẹ̀ dáṣíbọọ̀dù, ó yọ irin pẹlẹbẹ kan tó ti jó dúdú. Ó ní irin yẹn ló ń dín iná kù fún fáànù ní àwọn nọ́ńbà kéékèèké, ti òpin kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Èwo nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ló ṣe irú nǹkan báyìí? Ẹni tó fẹ́ lo díẹ̀, irin rẹ̀ á jó. Ẹni tó fẹ́ lo gbogbo rẹ̀, ó di tirẹ̀! Mọ́tò tó ń fìyà jẹ ẹni tó ń ṣọ́wó ná, tó wá ń kẹ́ onínàákúnàá!

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́, ti oògùn tí wọ́n ń kán sójú ìyá rẹ, àti ti bẹntiróòlù. Ti irin yẹn ńkọ́? Bòókẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Má fi í ránṣẹ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ríran, ó ń rí kòtò kí n tó rí i, ó ń rí ewúrẹ́, ó ń tẹ bíréèkì níbi tí kò sí bíréèkì, ó ní ta ló fi mọ́tò ha ògiri báyìí tí wọn ò sọ fún òun. Fáànù yẹn nìkan ló ń gbà mí. Bí mo bá ti tàn án, ẹnu rẹ̀ ni mò ń rí, mi ò gbọ́ ohùn. Tí wọ́n bá fi irin tuntun sí i, tó wá ń fẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo gbé. Tí ìyá rẹ bá bi ọ́, sọ pé kò sí irú irin bẹ́ẹ̀ lọ́jà mọ́, pé

Yéè. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn mi. Ó ti pẹ́ tó ti ka nǹkan kẹ́yìn, mi ò rántí pé ó tún lè kà. Ó ní kí n má pa á rẹ́, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti kà á, láti ibi “bòókẹ́lẹ́” wá sísàlẹ̀. Ó ní kí owó irin náà ṣíwájú, kí ti bẹntiróòlù tẹ̀lé e. Inú ń bí mi gidigidi, mi ò sì mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Ojú tìrẹ kò ní ṣú. Wàá rí ẹni tí yóò máa dúró lẹ́yìn rẹ ka ìwé rẹ títí dọjọ́ ogbó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ