Bí Mo Ṣe Kọ́ Ẹ̀rọ Àgbàdo Ní Eré Kọ̀ǹpútà Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti inú ilé wá, ìyá rẹ kí ọ láti ẹ̀yìnkùlé, mo sì tún kí ọ láti inú ìsọ̀ wa níbi tí mo jókòó sí lórí àpò àgbàdo tí mo ń kọ ìwé yìí. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ? Ọlọ́run tó jí ọ lónìí yóò máa jí ọ ní àjíǹde ara, ọwọ́ rẹ yóò máa lọ sókè, ọ̀tá tí ẹ bá jọ ń ṣe géèmù kò ní rí ẹ̀yìn rẹ. Ìyá rẹ ní kí n bá òun kọ Àmín sí i, òun kò fẹ́ kí n ṣe é lẹ́nu lásán. Àmín.

Ara wa le. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́. Òrùlé ìdáná tó ń jò nígbà tí o wá, mo ti dí i, ó ti wá ń jò níbòmíràn, èyí tó fi hàn pé ibi tí mo dí dára. Bí o bá ń pè tí n kò gbé fóònù, má bínú sí mi. Láti ìgbà tí o ti kọ́ mi pé ooru ló ń pa irú nǹkan wọ̀nyí, n kì í jẹ́ kí fóònù mi wà nínú àpò ṣòkòtò mọ́. Inú ìkòkò òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi ló ń gbé, mo sì fi àwo dé e kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Ara rẹ̀ tutù dáadáa báyìí. Ìgbà mìíràn ìyá rẹ á ní òun ń gbọ́ nǹkan kan tó ń kùn nínú ìkòkò bí oyin, a ó wo ara wa, a ó ní ìwọ nìyẹn, a ó sì dáhùn pé a ń jẹ́ ọ, ṣùgbọ́n o kì í gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo ló wà nílẹ̀. O rántí pé nígbà tí o wá lo ìsinmi rẹ lọ́dọ̀ wa, o gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá, àpótí onígíláàsì yẹn tí iná pupa àti iná búlúù ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. O gbé e sórí tábìlì tí mo ti ń jẹun, mo wá ń gbé àwo lé orí itan. Mo bi ọ́ pé kí ló ṣe é tó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè, o ní ọpọlọ rẹ̀ ni o mú kó máa sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ lọ, kí o lè máa tètè yìnbọn ju àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré. Mo ní ṣé kì í ṣe olè nìyẹn, kéèyàn san owó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó wá ní kó sáré bí ẹṣin. O rẹ́rìn-ín, o ní ẹni tó bá ra nǹkan ló ni gbogbo eré tó wà nínú rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ìwọ lo kàwé.

O wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. O ní a kì í fi ìwàǹwára ṣe é, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ bí ìgbín ṣe ń gun igi ni. Èèyàn á fi díẹ̀ kún eré rẹ̀, á gbé iṣẹ́ tó wúwo lé e lórí, á máa wo bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná sí. Bí kò bá dákú, á tún fi díẹ̀ kún un. Tó bá wá dákú, kó padà sẹ́yìn díẹ̀, kó fi í síbẹ̀. O ní kí fáànù máa fẹ́ atẹ́gùn tútù wọlé níwájú, kí ooru sì máa gba ẹ̀yìn jáde. O fi ìpara funfun kan hàn mí tí o fi sí àárín ọpọlọ náà àti irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀, o ní òun ni kì í jẹ́ kí ooru há síbẹ̀. O tún ní èèyàn lè dín iná tó ń jẹ kù díẹ̀, á ṣì máa sáré, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á tutù. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì sí wa pé ara kọ̀ǹpútà rẹ gbóná dé márùndínláàádọ́rùn-ún, ó sì ń ṣeré lọ ní tiẹ̀. Ó bi mí pé dókítà wo ló ń tọ́jú rẹ̀. Mo ní ìwọ ni. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tí ibà rẹ̀ bá ti kọjá ogójì, àdúrà ló kù. Àtìgbà náà ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún kọ̀ǹpútà yẹn, mo máa ń kí i tí mo bá ń kọjá.

Kò pẹ́ tí o padà síbi iṣẹ́ ni wàhálà dé. Ọkùnrin kan gba ìsọ̀ tó kọjú sí tiwa, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo síbẹ̀, èyí tó ń lo iná mànàmáná, ó kọ KÍÁKÍÁ gàdàgbà sára pátákó, òun náà la wá ń pè ní Kíákíá. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí yà síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi aṣọ bo abọ́ àgbàdo wọn tí wọ́n bá ń kọjá lọ́dọ̀ mi, bí ẹni pé mi ò mọ ohun tí wọ́n gbé. Ìyá rẹ tó máa ń to abọ́ àwọn èèyàn sórí ìlà kò rí èyí tí yóò tò mọ́, ó wá ń to abọ́ ilé wa. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ìyá onílé, ẹni tó ni ìsọ̀ tí a wà, wá bá mi, ó ní Kíákíá fẹ́ gba ìsọ̀ wa mọ́ tiẹ̀. Ó ní tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, òun á fún un, àfi tí òun bá rí i pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ mi, ìsọ̀ yẹn ló rán ọ níléèwé. Ibẹ̀ lo ti kọ́ ìrìn, àpò àgbàdo lo dì mú. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò lè purọ́.

Ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ rẹ sọ sí mi lọ́kàn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Mo ní bí ọmọ mi bá lè rọ àpótí onígíláàsì kó sáré, kí ló dé tí èmi ò ní lè rọ ẹ̀rọ tí a ti jọ ń gbé kí n tó bí i? Mo pe ìyá rẹ, mo ní a fẹ́ fi eré kún eré. Ó ní kí n má fi ohun tí a fi ń jẹun ṣe géèmù. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, kò mọ kọ̀ǹpútà. Mo mú sípánà, mo yí nọ́ọ̀tù kékeré tó ń kó eré rẹ̀ níjàánu, mo da àgbàdo sí i títí ó fi dé ẹnu, iṣẹ́ tó wúwo tí o wí nìyẹn. Kò dákú. Mo tún yí i díẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ láti ẹ̀yìn. Obìnrin kan ṣì ń kí mi lọ́wọ́, kò tíì kí dé orí ìyá rẹ, ìyẹ̀fun rẹ̀ ti jáde. Ìròyìn tàn kálẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí padà wá wòran, èmi náà sì ń na àyà síta bí ọ̀gá àgbà.

Ooru wá dé. Omi inú dúrọ́ọ̀mù tó ń tu ẹ̀rọ náà lára bẹ̀rẹ̀ sí hó. Mi ò bẹ̀rù, torí o ti kọ́ mi. Kí n lè mọ iye tó gbóná dé, mo yá ohun tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ibà, èyí tó máa ń kì bọ èèyàn lábíyá, mo tì í bọ inú omi dúrọ́ọ̀mù. Ó fọ́. Nọ́ọ̀sì bi mí pé ta ló ní irú ibà bẹ́ẹ̀, mo ní ẹ̀rọ ni, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo lọ gbé fáànù télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wa, mo kọ ojú rẹ̀ sí ẹ̀rọ kí ooru lè gba ẹ̀yìn jáde. Ooru ò jáde, ìyẹ̀fun ló jáde. Gbogbo oníbàárà funfun láti orí dé ẹsẹ̀, débi pé ọkùnrin kan tó wá pe ìyàwó rẹ̀ ti di ọwọ́ ìyàwó ẹlòmíràn mú kí ìyẹn tó sín, kí ọkùnrin náà sì tó mọ̀ pé kì í ṣe ohùn ìyàwó òun. Nítorí pé o ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, èmi náà yọ pákó ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀. Ewúrẹ́ ló wọlé.

Ìpara ló wá kù. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irú tìrẹ, ṣùgbọ́n mo rántí ìpara funfun tí o rà fún ìyá rẹ, èyí tó máa ń pa sójú tó bá ń lọ òde. Mo ní funfun ni gbogbo wọn. Mo pa á sí àárín irin ẹ̀rọ náà látòkè délẹ̀, mi ò ṣahun. Òórùn tó jáde níbẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Òórùn ìyàwó tuntun ni, àmọ́ ìyàwó tó ń jóná. Ìyá rẹ gbóòórùn rẹ̀ láti ilé, ó mọ ohun ìní rẹ̀, ó sì sáré dé. Mi ò ní kọ ohun tó sọ síbí, torí ìwé lè bọ́ sọ́wọ́ ọmọdé. Mo tún rántí pé o ní kí á dín oúnjẹ rẹ̀ kù, mo dín díséèlì rẹ̀ kù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí wú ikọ́ bí ẹni tí ata há lọ́nà ọ̀fun. Mo dá a padà fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ jù lọ, ìyá onílé fúnra rẹ̀ gbé abọ́ àgbàdo rẹ̀ wá. Ọwọ́ ń yún mi. Mo ní kí n fi díẹ̀ kún eré náà sí i, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé a ò tíì kú. Bí mo ṣe yí nọ́ọ̀tù yẹn, ẹ̀rọ náà ké, gbogbo pákó ìsọ̀ gbọ̀n, bẹ́líìtì já, ó fò kọjá lókè orí wa, ó sọdá títì, ó lọ gbá pátákó Kíákíá lulẹ̀. Ẹ̀rọ wá dákẹ́. Ọpẹ́ ni pé kò kan ẹnikẹ́ni. Mo wo ìyá onílé, mo wo ẹ̀rọ, mo mọ̀ pé ìsọ̀ ti lọ nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi, mo sọ fún wọn pé ìyẹ̀fun ló kó sí i.

Kíákíá fúnra rẹ̀ ló mú bẹ́líìtì náà wá fún mi, kò sì bú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ì bá bú u. Mo fi bẹ́líìtì àtijọ́ kan sí i, mo dá nọ́ọ̀tù náà padà, kì í ṣe díẹ̀ bí o ṣe wí, mo dá a padà pátápátá síbi tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fi í sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń lọ. Mo bẹ ìyá onílé pé kó má bínú, eré ti tán, yóò dúró díẹ̀ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ tó jáde. Ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó ní láti ìgbà tí mo ti ń sáré kiri yìí, òun kò tíì gbọ́ ìròyìn kan délẹ̀. Òun á gbé abọ́ kalẹ̀, ìdí òun kò tíì ní kan bẹ́ǹṣì, wọ́n á ní ó ti jáde, kí òun máa lọ. Àwọn obìnrin tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ ọmọ òun tó fẹ́ gbéyàwó, òun ò tíì ráyè sọ ọ́ tán, ó ti ń dun òun nínú. Mo ní kí ló wá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Kíákíá nígbà náà. Wọ́n ní àwọn lọ wo nǹkan tuntun ni, Kíákíá kò ní bẹ́ǹṣì, inú oòrùn lèèyàn ń dúró sí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wá ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ mi, àwọn bá mi, mo ti ya wèrè.

Ìyá onílé jókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì dá sí i. Nígbà tó dìde, ó ní kí n má kó ẹrù mi lọ síbì kankan, ìsọ̀ ṣì jẹ́ tiwa, níbo ni òun fẹ́ máa jókòó sí. Kíákíá náà ti ń wá jókòó lọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án, nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá gbóná tó sì pa ara rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé ọmọ mi lè bá a tún un ṣe, kó ṣáà ra ìpara.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa. Ohun tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ibà ni kó ṣáájú, torí ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń gbé, èèyàn kì í mọ ọjọ́ àìsàn. Bẹ́líìtì tuntun tẹ̀ lé e. Ìpara ìyá rẹ, ra èyí tí ike rẹ̀ tóbi, ó ṣe pàtàkì fún àlàáfíà mi. Tó bá jẹ́ orí fóònù ni owó náà máa gbà wá, kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi kí n lè gbé e kúrò lẹ́bàá omi, kí owó má baà tutù.

Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ti bi èmi náà, mo ní ìwọ lo kàwé. Ó ní bí kọ̀ǹpútà rẹ bá ń yára parí ohun tó yẹ kó pẹ́ lórí rẹ̀, àkókò tó ń ṣẹ́kù yẹn, níbo lo ń kó o sí? Ó ní láti ìgbà tí o ti sọ ọ́ di eléré, wíwálé rẹ kò yá sí i, ṣe ló ń pẹ́ sí i. Ó dùn ún bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì dun èmi náà. Bó bá wà níbì kan tí o tọ́jú rẹ̀ sí, ọmọ mi, bu díẹ̀ níbẹ̀ wá fún wa.

Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́ nílé àti lẹ́nu iṣẹ́. Kò ní jẹ́ kí ara rẹ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ń lé ọ kò ní bá ọ láéláé. Àwa méjèèjì tí a kò lè sáré mọ́, jọ̀ọ́, dúró kí á bá ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
ẹlẹ́rọ àgbàdo.