Ẹ̀sáǹsì Ń Kán Nídìí Ẹ́ńjìnnì

Agblangandan, ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Mo jágbe mọ́ ìyá ọkọ mi lónìí.

Ọkọ mi, Bàbá Mónìkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ de àwọn ẹ́njẹ́kítọ̀ tuntun, tó ń fọ́n ẹ̀sáǹsì, epo ọkọ̀, sínú ẹ́ńjìnnì, mọ́ ọkọ̀ wa ni. Kámárádì kan níbi iṣẹ́ ló bá a wá wọn. Ọ̀la la fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Kétu, òun sì ń kánjú lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ àdúgbò.

Mo ní, "Ẹ̀sáǹsì ń rùn."

"Èyí tó dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni."

"Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ kí epo lè gòkè, ṣùgbọ́n ẹ má ṣíná o."

Ó kùn, ó yí i. Mo ń fi àkísà gbígbẹ nu ìdí àwọn ẹ́njẹ́kítọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi ọ̀kan, àkísà náà rin gbingbin. Mo gbójú sókè, Màmá ló ń bọ̀ yìí pẹ̀lú àdògán eléèédú, iná pọ́n yòò, wọ́n fẹ́ yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Ẹ padà! Ẹ padà!" Bí ẹni ń lé ewúrẹ́ ni mo ṣe lé wọn.

Bàbá Mónìkà tú ẹ́njẹ́kítọ̀ tó ń jò náà, ó rí i pé òrùka rọ́bà rẹ̀ ti gé, ó fi òmíràn sí i. A tún yí kọ́kọ́rọ́, kò jò mọ́. Kò bá ìpàdé mọ́. Kí ni àwọn ìgbìmọ̀ yóò sọ nípa rẹ̀?

Mo kúnlẹ̀ bẹ Màmá. Wọ́n ní, "Kò sí nǹkan, ìyàwó," ṣùgbọ́n wọn ò fẹnu kan oúnjẹ.

Mo ti jáde lọ fọwọ́ kan ìdí ẹ́njẹ́kítọ̀ yẹn. Ó gbẹ. Mo tún fẹ́ lọ wò ó.