Wọ́n Kí Mi Ní Okun, Mo Ní Á Kárí

Ẹ̀yin èèyàn mi lórí page yìí, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Admin, jọ̀ọ́, bo orúkọ mi, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin máa ń ka ibí yìí. Wọ́n ní mo ṣépè fún àwọn tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Èmi! Èmi tí mi ò lè lé adìẹ kúrò lórí àgbàdo kí n má bẹ̀ ẹ́...

Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí. Ará Èjìgbò ni àwọn òbí mi, Yorùbá la ń sọ nílé, Faransé la ń sọ níta, ibẹ̀ náà ni mo ti pàdé ọkọ mi tó wá ṣòwò, ọmọ Kabba. Nígbà tó ní ká máa bọ̀ nílé, inú mi dùn, mo ní ṣebí Yorùbá náà ni wọ́n, kí ló tún kù tí mo fẹ́ kọ́? Ha! Mi ò mọ̀ pé ìlú òkèèrè gidi ni mò ń lọ. Wọ́n á sọ̀rọ̀, mo máa gbọ́ ìdajì, mo máa fi ẹ̀rín dí ìdajì tó kù. Ṣùgbọ́n kíkí wọn ló mú mi jù. Lọ́dọ̀ tiwa, tí èèyàn bá kí ẹ, o ti mọ ohun tó ń kí ẹ fún: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ewu ọmọ, ọ̀rọ̀ ti là. Ní Kabba, okun ni. O jí, okun. O ń bọ̀ láti oko, okun. O fẹsẹ̀ kọ, okun o. Mo kọ́kọ́ rò pé okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ ni wọ́n ń wí... Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní ohùn ni mo máa fi mọ̀ ọ́n, pé okun ayọ̀ yàtọ̀ sí okun ìbànújẹ́, tó bá yá etí mi á là. Etí wo?

Mo wá bímọ, obìnrin. A ò tíì ṣe ìkómọ, èrò ò dá lẹ́nu ọ̀nà wa, okun lọ́tùn-ún, okun lósì, èmi náà ń dá wọn lóhùn pé okun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n pe ọkọ mi lórí fóònù, ó wọ ṣòkòtò, ó ní òun ń lọ sí Mopa, kò wojú mi. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọjú sí ògiri, mo rò pé orúnkún wọn ló tún ń dùn wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi o! Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣe tíṣà ní Mopa, ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, ó ti kú. Wọ́n ní kí ìyá ìkókó má gbọ́, kí omi ọyàn má bàa gbẹ. Àwọn obìnrin àdúgbò wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìborùn lórí, wọ́n rọra ń wí pé okun o... okun o... Èmi ń kọ́? Mo gbé ọmọ lọ́wọ́, mò ń jó! Mò ń pín mọ́ọ̀tì! Mo rí i pé ojú wọn ò dán, mo ní bóyá ọmọkùnrin ni wọ́n ń retí. Mo wá la ẹnu mi yìí, mo ní á kárí o, bí ẹ ṣe wá sílé wa lónìí, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe máa wá sílé gbogbo yín, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó pẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Mo tún un sọ, mo gbé ohùn sókè, torí mo rò pé wọn ò gbọ́ Yorùbá mi ni. Ìyá kan bú sẹ́kún, ó sáré jáde. Ìgbà yẹn ni Ìyé figbe ta nínú yàrá, tó wá yé mi.

Ọkọ mi bá mi bẹ̀ wọ́n, àwọn kan gbà pé mi ò mọ̀. Àfi bí ọkọ ìyá tó sunkún jáde yẹn ṣe kú, oṣù kan ò tíì pé. Bàbá tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn kí n tó dé Kabba! Ó parí. Tí mo bá dé ìdí omi, wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì wọn. Aláboyún kan rí mi, ó fọwọ́ bo ikùn. Àwọn àgbà ẹbí wá ní kí n lọ sílé opó yẹn, kí n kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kí n gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ọkọ mi ní kí n lọ kí àlàáfíà lè jọba, pálọ̀ ló ń sùn báyìí. Ìyá mi ń pariwo láti Àbíjàn pé tí mo bá gba èpè padà, mo ti gbà pé mo ṣẹ́ ẹ nìyẹn, ọmọ àjẹ́ ni wọ́n máa pe ọmọ mi títí ayé. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ẹ sì wò ó, àbúrò ọkọ mi tó kú yìí, òun nìkan ló máa ń dúró tún ọ̀rọ̀ sọ fún mi tí kò yé mi, tí kì í fi mí ṣẹ̀sín. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà ń ṣọ̀fọ̀. Ta ló kí mi?

Láàárọ̀ yìí, Ìyé tí wọn ò tíì yà sọ́dọ̀ mi látìgbà yẹn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wò mí, wọ́n ní okun o. Wọ́n sì dúró. Ṣé ọmọ ni wọ́n ń kí? Ṣé wọ́n ń bá mi kẹ́dùn ni? Àbí wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n lọ kúnlẹ̀? Mo mọ̀ pé okun náà ni ìdáhùn, ṣùgbọ́n ohùn wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ẹ̀rù bà mí, mo sáré gbé fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. Ẹ̀yin ọmọ Okun tó wà níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kí irú kíkí yìí, ẹ ṣàánú mi, ṣé kí n lọ sílé opó yẹn àbí kí n má lọ? Kí ni kí n sì sọ fún Ìyé? Ẹ tètè dáhùn, wọn ò tíì lọ, wọ́n ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń húkọ́.