Tọ́bò Tí Wọ́n Kó Pọ̀ Mọ́ Ọlọ Ata

Admin, ẹ fi orúkọ mi pamọ́ o, ẹ jọ̀ọ́, torí àwọn ará ìjọ wa pọ̀ lórí page yìí. Ó ti rẹ̀ mí. Mo mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀sì ìjọ wa tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n àfi èmi àti ọkọ mi, gbogbo Sunday ni mo sì ń wo àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n ń wọ inú rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, tí èmi náà á máa rẹ́rìn-ín sí wọn... Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é mọ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bú mi.

Peckham ní London là ń gbé. Mẹkáníìkì lọkọ mi, ó ní garage kékeré kan lábẹ́ afárá rélùwéè, iṣẹ́ care lèmi ń ṣe, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Ìjọ aláṣọ funfun la wà. Ìjọ wa ní bọ́ọ̀sì kan tó máa ń gbé àwọn àgbà wá sí ìsìn, àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn, àwọn tí kò lè dúró nínú òtútù, láti Brockley, láti Lewisham, láti Kennington. Lọ́dún tó kọjá, bọ́ọ̀sì yìí kú sójú ọ̀nà, ọkọ mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní tọ́bò rẹ̀ ló bàjẹ́. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, tọ́bò ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára, irin kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí, eré tó ń sá kò ṣe é fẹnu sọ.

Mama kan wà ní ìjọ wa, Mama Kennington la máa ń pè wọ́n torí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní ọsibítù lásìkò yẹn, kídìnrín ló ń ṣe é, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá kékeré. Mama dìde níwájú gbogbo ìjọ, wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé tí ọmọ àwọn bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde ní ọsibítù, àwọn làwọn máa ra tọ́bò bọ́ọ̀sì ìjọ. Ọlọ́run ṣe é, ọmọ rìn jáde.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ kì í ṣe nǹkan eré lọ́dọ̀ tiwa. Mama ní àbúrò àwọn ń ta páàtì ọkọ̀ l'Ékòó, kí ló dé tí àwọn á fi lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tí àwọn ò mọ̀? Bó ṣe di pé àbúrò Mama ra tọ́bò l'Ékòó nìyẹn, tó fi ránṣẹ́ sí London. Ẹ sì mọ àwa èèyàn wa, ta ló máa fi páálí ránṣẹ́ tí kò ní kún un dẹ́nu? Wọ́n di gàrí sí i, wọ́n di èlùbọ́ sí i, wọ́n di ata gígún, wọ́n wá gbé ọlọ ata lé gbogbo rẹ̀ lórí, ọlọ òkúta o, tòun ti ọmọ ọlọ, torí Mama ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé blender ò lè lọ ata bí ọlọ. Tọ́bò wà nísàlẹ̀, wọ́n fi ìró àlòkù kan wé e. Ẹ bá mi wo nǹkan!

Ká ní wọ́n tètè ṣí i ni, bóyá mi ò ní máa kọ̀wé sí yín. Àmọ́ nígbà tí páálí dé, Mama ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ohun ẹ̀jẹ́ ni, iwájú pẹpẹ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, a tan àbẹ́là yí i ká, wòlíì wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí i lórí, Mama jẹ́rìí, ọmọ wọn dúró tì wọ́n, ó ṣì rù kan eegun, gbogbo wa ń sunkún ayọ̀. Èmi gan-an jó títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. A ti gbàdúrà tán, a ti dúpẹ́ tán, kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan páálí náà ti wọnú.

Garage ni ọkọ mi ti ṣí i. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn lẹ́yìn shift mi, mo bá a níbi tó jókòó sí, ó gbé tọ́bò lé itan, èlùbọ́ ti kún gbogbo ihò rẹ̀. Mo kí i. Ó gbọn èlùbọ́ dànù, ó nù ún, ó wá fi ìka yí irin inú rẹ̀, ó ní kí n gbọ́. Ó ń ha. Etí rẹ̀ níbì kan ti kán, irin àárín sì ti tẹ̀ díẹ̀. Ó ní bóyá ọlọ yẹn ló já lù ú, bóyá wọ́n ju páálí sílẹ̀ lójú ọ̀nà, èyí tó wù kó jẹ́, tọ́bò tó bá ti fara gbá báyìí kò ṣe é lò mọ́. Ó ní tó bá fọ́ lórí eré, oil á máa ya wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á máa jó oil yẹn bíi dísù tó ń mu, á máa sáré fúnra rẹ̀, kódà bí dírébà bá yọ kọ́kọ́rọ́, kò ní dúró. Tàbí kí oil ta sí ibi tó gbóná, kí iná sọ. Ọkọ mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi o, mi ò kà á níbì kankan.

Ẹ ó ní kí ló wá dé tó tún fi gbé e sí ọkọ̀? Ìbéèrè tí èmi náà ń bi í nìyẹn. Ó kọ́kọ́ lọ sílé Mama láti lọ ṣàlàyé. Ọmọ wọn ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, Mama gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti ń sùn dáadáa látọjọ́ tí àwọn ti san ẹ̀jẹ́ àwọn. Ọkọ mi jẹun tán, ó dìde, ó padà wálé. Kò lè sọ ọ́. Torí tó bá sọ pé tọ́bò yẹn ti bàjẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tọ́bò ni Mama máa gbọ́. Ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé Ọlọ́run ò gba ẹ̀jẹ́ wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí ọjọ́ tí àìsàn máa padà wá mú ọmọ wọn. Mo mọ Mama, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n máa rò ó. Ọkọ mi ní òun á ṣì fi sí i fúngbà díẹ̀, òun á wá òmíràn, òun á rọra pààrọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ owó garage ò jẹ́ ká mí, fúngbà díẹ̀ ti di oṣù lórí oṣù... Ó ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣèlérí. Ọkọ mi ni, kí ni kí n ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é gbé mì, kò ṣe é tu dànù.

Bọ́ọ̀sì sì ń lọ o. Òun gan-an ló ń dá mi lágara, pé ó ń lọ. Ó ti ń rú èéfín búlúù báyìí, ó sì ń súfèé bí kettle tí omi rẹ̀ fẹ́ hó, àwọn Mama inú rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín pé bọ́ọ̀sì àwọn ń bá àwọn gbe orin. Tí mo bá ti gbọ́ súfèé yẹn, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye orí tó wà nínú bọ́ọ̀sì. Kò tíì tó àkókò MOT rẹ̀, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ìjọba fi dandan lé lọ́dọọdún, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yàtọ̀ sí ọkọ mi. Màá lọ sí shift, màá máa wẹ̀ fún arúgbó ẹlòmíràn, màá máa rọra dì wọ́n mú kí wọ́n má baà ṣubú, ọkàn mi á sì máa bi mí pé àwọn arúgbó ìjọ rẹ ńkọ́? Ó rẹ̀ mí débi pé tí èèyàn bá kàn bi mí pé ṣé dáadáa ni, omi á kún ojú mi.

Ohun tó wá mú mi kọ̀wé nìyí. Saturday yìí ni ìpàdé àpapọ̀ àwọn ìjọ wa ní Manchester, bọ́ọ̀sì yìí náà ló máa kó àwọn àgbà lọ. Láti Kennington sí Peckham, traffic light ò jẹ́ kó sáré. Motorway lẹ̀ ń gbọ́ yìí o, wákàtí lórí wákàtí, pẹ̀lú ẹrù àti kúlà oúnjẹ. Mo bẹ ọkọ mi pé kó sọ pé bọ́ọ̀sì ò lè lọ, kó pa irọ́ kan, kó ní bátìrì ni, kó ní táyà ni. Ó ní irọ́ tó wù kí òun pa, wọ́n á ní kí òun tún un ṣe kó tó di Saturday, ṣebí mẹkáníìkì lòun. Ó ní òun fúnra òun lòun máa wà á, òun á rọra máa lọ. Kò wo ojú mi. Ó ń fọwọ́ ní kíṣìnì, ó kẹ̀yìn sí mi, ó wá sọ ọ́ bí ẹni tí ò sọ nǹkan kan, pé kí èmi àtàwọn ọmọ bá train lọ. Mo ní kí ló dé? Ó ní bọ́ọ̀sì máa kún.

Bọ́ọ̀sì ò kún. Mama Kennington pè mí láàárọ̀ òní, wọ́n ní àwọn ti gba àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀ fún ọmọbìnrin mi kékeré, kó lè jókòó ti àwọn, àwọn sì ti ra bisikíìtì tó fẹ́ràn. Mo ní ẹ ṣé Mama, Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹnu mi yìí ló sọ bẹ́ẹ̀!

Ẹ gbà mí o. Ṣé kí n lọ bá wòlíì? Orúkọ ọkọ mi á bàjẹ́ ní gbogbo Peckham, ta ló tún máa gbé ọkọ̀ wá fún un? Ṣé Mama ni kí n sọ fún? Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́? Àbí kí n dákẹ́, kí n máa tan ara mi pé ó kúkú ti ń lọ látọjọ́ yìí, kò ní ṣe nǹkan kan? Látàárọ̀ tí Mama ti pè ni mo ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yìí, uniform ṣì wà lọ́rùn mi, mo wá rí i pé mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó pinnu pé ọmọ mi ò ní wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Mi ò bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí tiẹ̀. Orí ìyá oníyàá ni mo ti ń wá ìmọ̀ràn kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Saturday.